Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù Létí Òkun

Tibi-tire ni a dá ilé ayé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ ìtajà rí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí, ó wù mí kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣe rí kí a tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n tí a kì í fi í ṣe àkọlé àròkọ. Iṣẹ́ náà ni kí ènìyàn dúró sínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, kí ó máa ta ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó máa gba owó tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó sì máa dáhùn fún gbèsè tí kò jẹ. Àwa ọmọ Ìlàjẹ mọ iṣẹ́ yìí ju bí àwọn ará òkè ṣe rò lọ. Bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ Ìlàjẹ, ẹja àti ọkọ̀ ojú omi ni ó ń wá sí wọn lọ́kàn. Wọn kì í béèrè ibi tí apẹja ti ń ra àwọ̀n.

Ìgbọ́kọ̀dá ni ó ti ń rà á. Ìgbọ́kọ̀dá ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó bá ti Òkìtìpupa bọ̀ ti ń sọ èrò kalẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹni tó ń lọ sí Ayétòrò àti ọ̀pọ̀ ìletò etí òkun ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọdún méjì ni mo fi ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, láti 2021 sí 2023, nígbà tí mo ń dúró de ọjọ́ tí JAMB yóò rántí mi. Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìnnà sí èbúté. Àwọ̀n ni olórí ọjà wa: àwọ̀n ọ̀rá tó mọ́ gaara bí omi, àti èyí tó dúdú tó sì ki. A tún ń ta okùn, òwú tí a fi ń tún àwọ̀n ṣe, òjé tí ń fa àwọ̀n lọ sísàlẹ̀ omi, àwọn ohun tí ń léfòó tí ń gbé e dúró, ìwọ̀ ńlá àti kékeré, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì rẹ̀. Lápá kejì ni ìrẹsì, ṣúgà, mílíìkì, tòmátò inú agolo, ọṣẹ àti ìṣáná wà. Bí ènìyàn bá ń re òkun, kò sí ohun tí yóò wá tí kò ní rí níbẹ̀, àfi ẹja fúnra rẹ̀ àti orí ire.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ire inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹkún ni mo fẹ́ sun. Ṣọ́ọ̀bù yẹn kọ́ mi ní ìṣirò ju bí wọ́n ti kọ́ mi ní ilé ìwé girama lọ. Òǹrajà kan yóò mú ìdì àwọ̀n mẹ́ta, okùn kan àti òjé kílò márùn-ún. Yóò san ìdajì owó, yóò ní kí n yọ iye tí òun fi sílẹ̀ lóṣù tó kọjá kúrò, yóò tún ní kí n fi páálí ìṣáná kan sí i. Orí ìdúró ni ó ti ń sọ gbogbo èyí, ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sì ti ń pariwo létí omi. Bí o bá dúró wá bírò, ó ti lọ nìyẹn.

Mo kọ́ nípa àwọ̀n pẹ̀lú. Ojú àwọ̀n ni ó ń yan ẹja. Èyí tí ojú rẹ̀ há, ẹja wẹ́wẹ́ ni ó wà fún. Èyí tí ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wọ ojú rẹ̀, ẹja ńlá ni. Àwọn bàbá tí ń rajà lọ́dọ̀ wa kì í ka nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ sára ìdì. Ìka ni wọ́n ń tì bọ ojú àwọ̀n, wọn yóò sì sọ fún ọ bóyá irọ́ ni nọ́ńbà náà ń pa. Mo rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí irọ́ ni lóòótọ́.

Ìfẹ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá gan-an, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ó ti wọ̀ mí lára. Ìlàjẹ ń wá, Ìkálẹ̀ ń wá, àwọn Ìjọ̀ ń wá láti Àrógbò, Ìgbò tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ nítòsí wa ń wá ra mílíìkì. Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi ń béèrè iye ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó jẹ́ Ìlàjẹ bá fẹ́ kí owó wálẹ̀, kíá ni yóò yí sí èdè Ìlàjẹ, yóò béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́, yóò sì wá ìbátan láàárín wa títí yóò fi rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ẹ̀ka èdè, ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìgbọ́kọ̀dá fún ọ̀sẹ̀ kan.

Owó tí mo gbà níbẹ̀ ni mo fi ra fọ́ọ̀mù ìdánwò mi lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tí mo bẹ̀. Pẹ̀lú èyí, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ ọjà tó tó mílíọ̀nù lé lọ́wọ́ rí kò ní máa rìn bí ọmọdé mọ́.

Ìnira ibẹ̀ náà kò kéré. Aago méje òwúrọ̀ ni à ń ṣí, ilẹ̀ yóò ti ṣú kí a tó tì. Orí ìdúró ni gbogbo rẹ̀. ₦20,000 ni owó oṣù mi. Òfin owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n ṣe ní 2019 sọ pé ₦30,000 ni òṣìṣẹ́ yóò máa gbà, ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀. Àwa mẹ́ta ni a wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Nígbà tí ìjọba sọ iye náà di ₦70,000 ní 2024, mo ti wà ní yunifásítì. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni.

Lẹ́nu ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni òǹrajà sì ti ń gbọ́ owó ọjà, nítorí náà òun ni wọ́n ń bú. Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦190 fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó lé ní ìlọ́po méjì. Kò pé oṣù kan tí náírà fi já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là, àwọ̀n tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Bàbá arúgbó kan wo ojú mi, ó ní, “Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣe ọ́?” Ó dà bí ẹni pé èmi ni mo jókòó ní Àbújá.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kì í ṣe kókó. Kókó iṣẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù létí òkun ni ìwé àwìn.

Ẹ wò ó. Apẹja gbọ́dọ̀ ní àwọ̀n kí ó tó rí ẹja, ó sì gbọ́dọ̀ rí ẹja kí ó tó rí owó tí yóò fi ra àwọ̀n. Bí ìjì bá gbé àwọ̀n rẹ̀ lọ, tàbí bí ọkọ̀ apẹja ńlá bá fà á ya lóru, kò sí ọ̀nà mìíràn fún un ju kí ó gba òmíràn láwìn. Nígbà òjò tí òkun bá ń ru, ó lè jókòó sílé lọ́sẹ̀ méjì láìfọwọ́ kan omi, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹun. Níbi ẹnu ọ̀nà wa, pátákó kan wà tí a kọ “KÒ SÍ ÀWÌN LÓNÌÍ” sí. Lábẹ́ kántà wa, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan wà tí orúkọ àwọn ènìyàn kún inú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé ni ó ń ka pátákó. Ìwé abẹ́ kántà, gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo bí èdè wa ti pín ọ̀rọ̀ yìí. Owó ni à ń yá, ọjà ni à ń rà láwìn. Ẹni tó yá owó lè dá owó mìíràn padà. Ẹni tó ra àwọ̀n láwìn ti tì í bọ omi, kò lè dá àwọ̀n tuntun náà padà mọ́ láé. Nígbà tí ọjọ́ bá wá pé, gbèsè ni orúkọ tí a ń pe àwọn méjèèjì.

Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni ó ń kọ ìwé náà, nítorí náà ó mọ ohun tí kò yẹ kí ọmọdé mọ̀. Mo mọ ẹni tó wọ léèsì tuntun lọ síbi ìsọmọlórúkọ tí ojú ewé rẹ̀ kò ní àyè mọ́. Mo mọ iye tí àgbà ìjọ jẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ìwé kò kí mi mọ́ ní èbúté, bẹ́ẹ̀ n kò sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Pé mo mọ̀ ọ́n ti tó. Bàbá tèmi náà ní ojú ewé nínú ìwé yẹn. Ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ gbèsè rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí ó bá sì wá rajà, ó máa ń pè mí ní “ẹ̀yin” ṣeré kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ kú tòun ti gbèsè àwọ̀n mẹ́rin lọ́rùn. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti gba òwú láwìn, kí ọmọ rẹ̀ lè tún èyí tó kù nínú àwọ̀n bàbá rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi lórí ojú ewé náà, mo sì sọ fún ìyá yìí pé kò ṣeé ṣe. Kò bínú. Ó jókòó sórí àpótí mílíìkì kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tí ọ̀gá mi dé tó bá a níbẹ̀, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ó na ọwọ́ sókè, ó mú òwú méjì lé e lọ́wọ́, ó ní kí n má kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi tún sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni láwìn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun náà ń jẹ àwọn tó ń ti Èkó kó ọjà fún un ní owó, wọn kì í sì í gba àlàyé ìjì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti pín iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ọwọ́ ẹni tó ni ọjà ni àánú wà, ẹnu ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni “kò ṣeé ṣe” wà. Bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá ṣàánú, olè ni wọ́n ń pè é. Kò sí ìnira ẹsẹ̀ tàbí ti owó oṣù tó tó èyí lójú tèmi.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń wá ọgbọ́n sí ọ̀rọ̀ àwìn. Ní 1844, ní ìlú Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn 28 tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ dá owó jọ, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Àwọn tó ń rajà ni wọ́n ni ṣọ́ọ̀bù, èrè sì ń padà sọ́dọ̀ wọn bí olúkúlùkù bá ti rajà tó. Lára wọn ni àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kárí ayé ti mú àpẹẹrẹ, títí kan tiwa. Wọ́n sì ṣòfin pé àwọn kò ní ta ohunkóhun láwìn. Ó dára fún wọn. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ lè pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́. Òkun kì í sanwó ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀.

Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn ará Ayétòrò gbìyànjú ohun tó le ju ìyẹn lọ. Ní 1947 ni àwọn ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun, wọ́n sì pinnu pé kò sí ẹni tí yóò ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì. Ohun tí wọ́n bá tà síta, àpò ìlú ni owó rẹ̀ ń wọ̀, láti inú àpò náà ni wọ́n sì ti ń bọ́ gbogbo ènìyàn, tí wọ́n ń fi aṣọ wọ̀ wọ́n. Ẹni tó ń pín ọjà àti ẹni tó ń gbà á, inú àpò kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Ìwé àwìn kò lè sí láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ètò yìí mú ìlú náà lókìkí fún nǹkan bí ogún ọdún, kí wọ́n tó fi olúkúlùkù sílẹ̀ láti máa dá ṣòwò rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Èmi kò mọ̀ bóyá ó bá mi lára mu láti gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn kí n ní owó tèmi. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé ọmọ ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ a máa sùn dáadáa.

Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò. Ojú ewé kan wà nínú ìwé wa tí ilé ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i ti di omi. Ta ni yóò lọ béèrè owó níbẹ̀?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni ó fi iṣẹ́ yìí hàn mí tán. Ẹ rántí pé Báńkì Àpapọ̀ yí àwọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà ní ìparí 2022, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kejì, owó bébà ti wọ́n bí ojú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ni ó dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí ọdún yóò fi parí. Láàárín ìgbà náà, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní àwọn ìletò etí òkun kò rí owó gbà, àwọn ọkọ wọn kò sì rí owó san fún wa. Wọ́n ní kí a máa fi fóònù fi owó ránṣẹ́. Ní ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀ bí ìgbì òkun!

Ọkùnrin kan kó ọjà ₦30,000, ó ní òun ti fi owó náà sínú àkáǹtì ọ̀gá mi. N kò jẹ́ kí ó kúrò níbẹ̀. Mo pe ọ̀gá mi tó wà ní Èkó lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n jẹ́ kí ó máa lọ, pé owó yóò wọlé tó bá di alẹ́. Owó náà kò wọlé títí di òní. Nígbà tí oṣù parí, ọ̀gá mi ní kí a pín àdánù náà sí méjì, ó sì ń yọ ₦5,000 nínú owó mi fún oṣù mẹ́ta. Mo rán an létí ohun tó sọ lórí fóònù. Ó ní ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà. Ìyá mi fi òwe tù mí nínú, ó ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo fi tọmọ jẹ́ ẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú owó ẹrú náà ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí ni pé àbúrò mi ọkùnrin ti jáde ìwé mẹ́wàá lọ́dún yìí, ọ̀gá mi àtijọ́ sì ti ránṣẹ́ sílé pé kí ó wá gba ipò mi. Bàbá mi fẹ́ kí ó lọ. Kò sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ojú ewé rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé náà, kò sì rọrùn fún ẹni tó ń rajà láwìn láti sọ fún ọlọ́jà pé òun kò ní fún un lọ́mọ. Ìyá mi ní èmi tí mo ti wọ bàtà náà ni kí n sọ ibi tó ti ń ta mí lẹ́sẹ̀.

Mo ní kí ó lọ. N kò lè purọ́ pé ìbá sàn kí ó jókòó sílé máa wo òkun, nígbà tí fọ́ọ̀mù ìdánwò tirẹ̀ náà ń bọ̀. Yóò mọ ìṣirò, yóò mọ ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ká owó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó má kọjá ọdún kan, mo sì ní kí ìyá mi bá ọ̀gá náà sọ ohun mẹ́ta kí ọmọ tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdánù tí kò ti ọwọ́ ọmọ wá kò ní wọ inú owó oṣù rẹ̀. Kí ẹni tó bá ní kí a ta ọjà láwìn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé náà, ì báà jẹ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe jẹ́ àbúrò mi ni yóò máa kọ gbèsè bàbá wa.

Ìyá mi lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá ní ọjọ́ ọjà tó kọjá. Ó ní ọ̀gá gba ti àkọ́kọ́ láìjanpata. Ó ronú díẹ̀ lórí èkejì, ó sì gbà á. Lórí ẹ̀kẹta, ó béèrè ta ni kí ó máa kọ ọ́ nígbà náà. Bàbá mi, tó wà níbẹ̀, ní òun yóò máa kọ ọ́ fúnra òun.